Ìkòkò Aró Méjì Lẹ́yìn Láíbìrì

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni máṣíìnì bàbá mi ti máa ń kùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí a ń gbé ní Ìkòtún. Télọ̀ ni bàbá mi, ẹsẹ̀ ló fi ń wa máṣíìnì náà, bó bá sì ti ń wà á ni okùn kànga á máa dún lẹ́yìnkùlé, nítorí iṣẹ́ tèmi láàárọ̀ ni láti fa omi kún àmù kí àwọn ayálégbé yòókù tó jí wá tò síbẹ̀. Yàrá mẹ́jọ ló dojú kọ ara wọn nínú ilé náà, méjì nínú rẹ̀ ni tiwa. Ìyá mi á máa ro ògì, ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, á sì jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, á kọjú sí títì, á máa wo àwọn tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ bí ẹni ń wo ìran tí wọn ò pè é sí. Ọdún kejì nìyẹn tí bàbá mi ti mú un wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, lẹ́yìn tí bàbá bàbá mi kú. Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ìtọ́jú náà ló tilẹ̀ pọ̀ jù. Bó bá fẹ́ gbálẹ̀, ìyá mi á gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá fẹ́ fọ abọ́, wọ́n á ké sí mi. "Ẹ jókòó, Ìyá, ẹ sinmi." Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan tó ń dá sọ̀rọ̀ pé, "Òkú nìkan ló ń sinmi tó báyìí jàre." Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Nísinsìnyí tí àwọn ọmọ tèmi náà ti ń gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, n kì í rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọdún yẹn náà ni mo mọ ọ̀nà láíbìrì. Ilé oníyàrá méjì ni, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìdímù, páànù ni wọ́n fi kàn án lórí, bí òjò bá sì ń rọ̀, a kì í gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ nínú rẹ̀. Òórùn ìwé àti ti bébà tí omi ti kán sí ló máa ń kí ènìyàn káàbọ̀. Pátákó kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ máa ń yí padà bí ìgbà ṣe ń yí padà. Bí ọyẹ́ bá ti dé, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí àwọn ọmọdé wá gbọ́ àlọ́ ní ọjọ́ Sátidé. Bó bá di hólídè Àjíǹde, eré ni a máa ń kọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n hólídè ìgbà òjò, èyí tó gùn jù, òun ni tèmi. Ohun tí wọ́n kọ sí pátákó lọ́dún yẹn, tí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà, ni: KÀ Á, KÍ O WÁ SỌ Ọ́. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á mú ìwé kan lọ sílé, tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, á dúró níwájú àwọn yòókù, á sọ ohun tó kà.

Àǹtí Fúnmiláyọ̀ ló ń tọ́jú ìwé níbẹ̀, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó máa ń fi okùn so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Kì í kàn mú ìwé lé ọmọ lọ́wọ́. Á kọ́kọ́ wo ojú ọmọ náà bí ìgbà tí télọ̀ bá fẹ́ wọn ènìyàn láìlo téèpù. Nígbà tó kàn mí, ó ní, "Múnírátù, kí ni wọ́n ń ṣe nílé yín?"

Mo ní, "Bàbá mi ń ránṣọ, mà."

"Àwọn àgbà ńkọ́?"

"Ìyá Àgbà nìkan ni, mà. Wọn ò ṣe nǹkan kan."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Kò sí àgbà tí kò ṣe nǹkan kan rí. Lọ béèrè wá, kó o tó mú ìwé."

Ẹ̀wà ni a ń ṣà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, èmi àti Ìyá Àgbà, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ìyá mi ń gbà kó ṣe. Mo bi í léèrè. Ó dá ọwọ́ dúró nínú atẹ, ó wo àwọn ìka rẹ̀ bí ẹni pé àwọn ni mo bi í nípa wọn. "Aláró ni mí," ó ní. "Aró ni ìyá mi fi tọ́ mi, aró ni mo fi tọ́ bàbá rẹ." Ó na ọwọ́ náà sí mi. Mo ti máa ń rí i pé ìdí èékánná rẹ̀ ṣú, mo sì rò pé ogbó ni. Kò sí ẹni tó sọ fún mi rí, èmi náà kò sì béèrè rí. Títí dòní, bí mo bá pàdé àgbà kan tó jókòó jẹ́ẹ́, mo máa ń wo ọwọ́ rẹ̀ kí n tó wo ojú rẹ̀.

Ìwé tí Àǹtí Fúnmiláyọ̀ fún mi lọ́jọ́ kejì tẹ́ẹ́rẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ Yorùbá ló sọ nípa rẹ̀: aṣọ híhun, igi gbígbẹ́, ìkòkò mímọ, aró rírẹ. Mo jókòó ti Ìyá Àgbà lẹ́nu ọ̀nà, mo ń kà á sókè fún un. Ó ń mi orí bí mo ti ń ka ti aṣọ híhun, ó ń wí pé "bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni." Nígbà tí mo dé orí aró, mo ka ibi tí wọ́n ti ní kí á gún ewé èlú, kí á dà á sínú omi tí a fi eérú sẹ́, pé bó bá ti di ọjọ́ kejì, aró ti dé nìyẹn, kí á máa ti aṣọ bọ̀ ọ́. Ìyá Àgbà bú sẹ́rìn-ín. N kò tíì gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tó ti dé Èkó. Bàbá mi dá máṣíìnì dúró láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ọjọ́ kejì kẹ̀? Ògì lásán ju ọjọ́ kejì lọ!"

"Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ ni, Ìyá Àgbà."

"Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, àbí? Ẹni tó kọ ọ́, ṣé ó ti tọwọ́ bọ aró rí?"

Mo yí ẹ̀yìn ìwé náà padà, mo wá àwòrán ẹni tó kọ ọ́ bóyá n óò rí ọwọ́ rẹ̀. Kò sí àwòrán níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n gbádùn. Títí di ọjọ́ yẹn, mo gbà pé ohun tí wọ́n bá ti tẹ̀ sínú ìwé ti parí, bí ìgbà tí sìmẹ́ńtì bá ti gbẹ. N kò mọ̀ pé ènìyàn lè jókòó sórí àpótí ní Ìkòtún kó máa bá ìwé jiyàn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo dúró níwájú àwọn ọmọ bí ogún, mo sọ ohun tí mo kà, mo wá fi kún un pé Ìyá Àgbà mi ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé aró kì í dé lọ́jọ́ méjì. Àwọn ọmọ náà hó yèè. Ọ̀kan ní, "Ṣé ìyá àgbà tiẹ̀ mọ̀wé ni?" Bàbá Tíṣà ló ń bójú tó wa lọ́jọ́ náà. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, tó máa ń wá ran Àǹtí Fúnmiláyọ̀ lọ́wọ́ nígbà hólídè, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, gbogbo wa la fẹ́ràn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi dùn mí jù. Ó ní, "Ọmọ mi, ìwé la fi ń tún ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe. A kì í fi ọ̀rọ̀ ẹnu tún ìwé ṣe." Omijé bọ́ lójú mi níwájú gbogbo wọn.

Àǹtí Fúnmiláyọ̀ dìde lẹ́yìn tábìlì rẹ̀. "Ẹ dákẹ́ ná. Ṣebí nítorí irú èyí la ṣe ní láíbìrì. Bàbá, ẹ jẹ́ ká ṣe méjèèjì wò. Ìkòkò kan bí ìwé ṣe wí, ìkòkò kan bí ìyá wọn ṣe wí. Ẹ̀yìnkùlé wà níbẹ̀. Múnírátù, lọ bá wa bẹ̀ wọ́n wá."

Bàbá mi kò fẹ́. "Ìyá, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ṣá. Ibi àwọn ọ̀mọ̀wé ni. Wọ́n á kàn fi yín rẹ́rìn-ín." Kí ó tó sọ̀rọ̀ náà tán, Ìyá Àgbà ti ń wé gèlè. Ó ní òun ti rí èlú lọ́nà Ìṣẹ̀rí-Olófin lọ́jọ́ tí a lọ síbi ìkómọ, pé ó hù gbàgà lẹ́bàá ọ̀nà, kò sì sẹ́ni tó ń wò ó. Odidi ọdún méjì ni mo fi rò pé kì í rí nǹkan kan láti ojú wíńdò bọ́ọ̀sì. A já èlú kún àpò méjì. A gún un nínú odó ìyá mi, a mọ ọ́n rogodo-rogodo bí àkàrà, a sá a sórí páànù, òjò sì ń lé wa wọlé, ó ń lé wa jáde. Gbogbo ọmọ inú ilé náà ló ń sá bá wa kó o bí ojú ọ̀run bá ti ṣú. Aládùúgbò kan fún wa ní eérú, a rí ike ọ̀dà àlòkù méjì, Ìyá Àgbà fi ìṣó dá ihò sí ìdí ọ̀kan, ó da eérú sínú rẹ̀, ó ń bu omi lé e, omi náà ń kán tó, tó, tó sínú ike kejì. Òun ló ń pàṣẹ, àwa ń sáré. Ìyá mi tọ́ omi eérú náà wò nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò ó, ó tutọ́ jáde, Ìyá Àgbà sì ní, "Mo rí ọ o."

Ìkòkò ti ìwé ló kọ́kọ́ pé. Bàbá Tíṣà fúnra rẹ̀ ló ti aṣọ tẹ́rù funfun bọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Aṣọ náà jáde ní àwọ̀ ewé tó ti pọ́n, a sì fi omi ṣàn án, ó padà funfun bí ẹni tí kò lọ síbì kan rí. Mo wo ojú Bàbá Tíṣà, mo rẹ́rìn-ín sínú. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Nígbà tí ìkòkò ti Ìyá Àgbà pé ọjọ́ kẹjọ, àwọn ọmọ yí i ká, Ìyá Àgbà ti aṣọ bọ̀ ọ́, ó rò ó pẹ́, ó fà á jáde. Àwọ̀ omi gọ́tà ni. Ó tún tì í bọ̀ ọ́, ó tún fà á jáde. Ọ̀kan náà ni. Àwọn ọmọ kò tilẹ̀ hó mọ́, wọ́n kàn ń wo ilẹ̀, mo sì gbà pé ìyẹn burú ju ẹ̀rín lọ. Bàbá Tíṣà ní, "Màmá, ẹ má bínú, ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ṣe é gbẹ̀yìn ni." Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá Àgbà fọ ọwọ́ rẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, a rìn dé ilé. Kò jẹ mọ́ínmọ́ín tí ìyá mi gbé fún un. Bàbá mi wí pé, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká fi mọ bẹ́ẹ̀." Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé ó padà sórí àpótí rẹ̀, ó sì kọjú sí títì bíi ti àtẹ̀yìnwá. Èmi ni mo fà á wá síbẹ̀, èmi àti ẹnu mi àti ìwé mi.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, bí a ti kírun tán, kò tíì ká ẹní rẹ̀ nílẹ̀ tó fi gbá mi lẹ́sẹ̀. "Múní! Eérú ni!"

"Kí ló ṣe é, Ìyá Àgbà?"

"Pákó ni aládùúgbò yẹn fi ń dáná, pákó ilé káfíńtà, ọ̀dà wà lára rẹ̀, ọdún wo ló ti gbẹ! Igi tútù ni a fi ń ṣe eérú aró. Igi tó ṣì ní omi lára. Mo mọ̀ ọ́n! Mo tọ́ ọ wò, ahọ́n mi sọ fún mi pé kò mú tó, mo ní ahọ́n mi ló ti darúgbó." Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń lu itan. "N kò gba ara mi gbọ́, ìyẹn ló ṣe mí."

Bàbá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìdí máṣíìnì. Kò sọ pé ká fi mọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó rántí pé ilé búrẹ́dì kan wà ní Dópẹ̀mú tó ń fi ìtì igi tútù dáná, ó ti aṣọ oníbàárà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wọ bọ́ọ̀sì lọ. Inú ilé búrẹ́dì gbóná bí ojú oòrùn, Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sídìí ààrò, ó fi ìka kan eérú, ó fi kan ahọ́n, ó di ojú. Àwọn oníbúrẹ́dì ń wò ó tìyanu-tìyanu. "Èyí ni," ó ní.

Hólídè parí kí aró tuntun tí a fi eérú yìí pò tó pé. A ti padà sí ilé ìwé, àwọn ọmọ púpọ̀ ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, nítorí náà ní Sátidé tí Ìyá Àgbà ní kí á wá, kò ju ọmọ mẹ́rin lọ lẹ́yìn láíbìrì, àti Àǹtí Fúnmiláyọ̀, àti Bàbá Tíṣà tó wọ bùbá mímọ́ bí ẹni ń lọ jẹ́rìí, àti bàbá mi. Ìfófòó aláwọ̀ aró ti bo ojú ìkòkò. Òórùn rẹ̀ kò dára rárá, inú Ìyá Àgbà sì dùn sí òórùn náà. Ó ti tẹ́rù bọ̀ ọ́, ó jẹ́ kó pẹ́, ó fà á sókè. Àwọ̀ ewé ló fi jáde, bíi ti ìkòkò ìwé. Ṣùgbọ́n ó na aṣọ náà sínú afẹ́fẹ́, ó ní, "Ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ máa wò ó." Aṣọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà lójú wa. Etí rẹ̀ kọ́kọ́ ṣú, bí ìgbà tí òjò bá ń ṣú bọ̀ láti apá kan ojú ọ̀run, títí gbogbo rẹ̀ fi di aró, aró gidi. Wọ́n fi omi ṣàn án, wọ́n tún un ṣàn, kò lọ. Mo ti rí ohun púpọ̀ láyé láti ìgbà náà, mo ti wọ ọkọ̀ òfuurufú, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi mí pé ìgbà wo ni ẹnu yà mí jù, ẹ̀yìn láíbìrì yẹn ni ọkàn mi máa ń sáré lọ.

Bàbá Tíṣà ṣí fìlà. Ó ní, "Màmá, mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ọmọ yín. Ìwé wa ló parọ́."

"Kò parọ́, sà," Ìyá Àgbà ní. Ó ń fún omi kúrò lára aṣọ. "Wọ́n parọ́ fún un ni."

Ọ̀rọ̀ náà kò yé wa. Ó wá sọ fún wa pé nígbà tí òun ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, ọkùnrin kan wá sí àgbàlá àwọn aláró, ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó mú ìwé lọ́wọ́, ó ń béèrè, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. "Iṣẹ́ tí à ń ṣe jẹ nìyẹn o. Ta ló máa tú àṣírí rẹ̀ fún ẹni tí a ò mọ ilé bàbá rẹ̀? A ní ọjọ́ méjì. Ó kọ ọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ó sì lọ. A rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ fi ṣú."

Àǹtí Fúnmiláyọ̀ rọra béèrè pé, "Ta ló sọ fún un, Màmá?"

Ó wo ilẹ̀. "Ẹnu tèmi ló yá jù nínú agbo lọ́jọ́ náà." Ó ní òun kò mọ̀ bóyá ọkùnrin yẹn ló kọ ìwé wa, pé àwọn tó ń béèrè bẹ́ẹ̀ kò mọ sí ẹnì kan. "Ṣùgbọ́n àwọn tá a jọ rẹ́rìn-ín ti kú tán. Àgbàlá náà ti wó. Kò sẹ́ni tí mò ń fi pamọ́ fún mọ́." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí ìró. "Múní, mú ìwé àti bírò. Má fò ọ̀kankan."

Ó jókòó sórí àga kékeré tí àwọn ọmọdé ń jókòó lé, eékún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, ó ń sọ, mo ń kọ: igi tó yẹ, bí ewé ṣe gbọ́dọ̀ dàgbà tó kí á tó já a, bí omi eérú ṣe gbọ́dọ̀ ta ahọ́n, òórùn tí aró ń ní lọ́jọ́ kẹta àti èyí tó ń ní lọ́jọ́ keje. Ó ń dá mi dúró, á ní kí n kà á padà, á ní, "Rárá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wí." Bàbá Tíṣà ń bá mi tún àmì ohùn ṣe. Nígbà tó parí, Àǹtí Fúnmiláyọ̀ ti bébà bọ ẹ̀rọ tó fi ń tẹ̀wé, ó ní inú fáìlì kan ni òun máa tò ó sí, òun á sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn lórí pẹpẹ, kí ẹni tó bá ka ọ̀kan lè rí èkejì.

"Orúkọ wo ni ká kọ sókè, Màmá?"

Mo yára ní, "Ìyá Àgbà ni, mà." Bàbá mi ní, "Ẹ kọ Ìyá Rájí," nítorí Rájí ni orúkọ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ojúlé sì ṣe ń pè é.

Ìyá Àgbà wo èmi, ó wo ọmọ rẹ̀. "Rábíátù," ó ní. "Rábíátù Àdùnní. Kẹ́ ẹ fi Aláró sí i."

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Yàrá kan náà ni a jọ ń sùn, abọ́ kan náà ni a fi ń jẹun, n kò sì gbọ́ orúkọ yẹn rí. Mo bẹ Àǹtí Fúnmiláyọ̀ pé kó jẹ́ kí n fi ọwọ́ mi tẹ̀ ẹ́. Mo ń wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, mo ń fi ìka kan gbá a, Ìyá Àgbà dúró lẹ́yìn mi, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì dúdú fún aró lé mi léjìká, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń fò mọ́ bébà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ó ti pé?"

"Ó ti pé, Ìyá Àgbà."

"Kà á kí n gbọ́."

Mo kà á.